Ẹ̀rọ Ń Wá Ẹ̀rọ̀



Níbi ìpàdé tí a ṣe ní Olúpọ̀nnà lórí ètò ọdún tó ń bọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní kí á yọ ìlù ìgbìn kúrò nínú ètò ìrọ̀lẹ́, kí á fi bàtá àti orin ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀. Ó ní ìgbìn ń falẹ̀ jù. Bí a bá ti ń lù ú, fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ ń wò. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá onígbìn wa wà ní ìjókòó, wọn kò sọ nǹkan kan. Èmi tí wọ́n ń pè ní awo, tí wọ́n tún ń pè ní olùkọ́, èmi náà kò sọ nǹkan kan. Ojú ń tì mí títí di òní. Èsì tí ó yẹ kí n fọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orin tí ọ̀dọ́ náà fẹ́ràn. Ní 2022, Asake gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Mr. Money With The Vibe. Magicsticks ló ṣe ìlù èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n mú amapiano, ìlù ẹ̀rọ àwọn ará South Africa, wọ́n fi ohùn fújì àti ègbè ọ̀pọ̀ ènìyàn lé e lórí, gbogbo òde àríyá sì gbóná. Work of Art tẹ̀lé e ní 2023, ọ̀nà kan náà ni ó gbà. Àwọn olùgbọ́ wá ń kùn pé orin rẹ̀ jọra jù. Nígbà tí Lungu Boy dé ní oṣù kẹjọ 2024, ìlù náà ti rọlẹ̀ ní ibi púpọ̀. Orin tí òun àti Wizkid jọ kọ, MMS, ń rìn jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ àròjinlẹ̀ ni ó sì gbé. Òmíràn ń jẹ́ Suru. Àwọn kan náà tó ń kùn tẹ́lẹ̀ tún pariwo pé ó ti tutù jù.

Mo ti gbọ́ láàárín wa pé nítorí àtità lókè òkun ni ó ṣe rọ orin rẹ̀. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí àwọn àlejò pọ̀ nínú àwo náà: Travis Scott láti Amẹ́ríkà, Stormzy àti Central Cee láti Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Orin tí ó ṣe pẹ̀lú Travis Scott, Active, wà lára àwọn tó gbóná jù nínú àwo náà, orin àtijọ́ Jazzman Olofin àti Adéwálé Àyùbá ni wọ́n sì gbé e lé. MMS tó tutù, ọmọ Ojúẹlẹ́gbà ni ó bá a kọ ọ́. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ̀ kì í ṣe ti àlejò, bẹ́ẹ̀ ni ìgbóná kì í ṣe tiwa nìkan.

Amapiano gan-an, ọmọ ìrọ̀lẹ̀ ni. Àwọn aláwọ̀ dúdú Chicago dá orin house sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Nígbà tí ó dé South Africa, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ dín ìsáré rẹ̀ kù, wọ́n fi ṣe kwaito ní àwọn ọdún 1990. Lẹ́yìn náà ni amapiano dé, tí ìlùkìkì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 112 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ti house sábà máa ń kọjá 120. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń wá ẹ̀rọ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ẹ̀rọ tó dé. Wọn kò fi ìlù kan ṣoṣo bọ òrìṣà. Bàtá ni ti Ṣàngó, nítorí oníná ni. Ìró rẹ̀ a máa já lulẹ̀ bí ààrá. Àgẹ̀rẹ̀ ni ti Ògún àti àwọn ọdẹ. Ìgbìn, ìlù kúkúrú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ni ti Ọbàtálá. Kò falẹ̀ nítorí pé agbára rẹ̀ pin. Ó falẹ̀ nítorí ẹni tí à ń lù ú fún. Òrìṣà tó ń mọ ọmọ nínú oyún, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Bí a bá wá fi bàtá rọ́pò ìgbìn, òrìṣà ni a pààrọ̀, kì í ṣe ìlù nìkan.

Ẹ wo èdè wa náà. Ohùn mẹ́ta ni ó gbé e ró, ohùn náà sì ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ohun tí onílù ń wí sílẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ń yá sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìwé wọn ń ṣófo sí i. Ohùn kan péré ló ya ìgbín inú igbó sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbìn onílù, Ọbàtálá ló sì ni méjèèjì. Ohùn kan péré ló wà láàárín ẹ̀rọ tó ń pariwo àti ẹ̀rọ̀ tó ń tu ara. Eré àsápajúdé kì í jẹ́ kí etí mọ ìyàtọ̀ wọn.

N kò bá ìgbóná jà. Ọjọ́ Ṣàngó, kí bàtá ró kí ilẹ̀ mì. N kò sì bá ẹ̀rọ jà. Orí ẹ̀rọ ni ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí. Ohun tí mo bẹ̀rù ni pé ọmọ mẹ́ta ni bàbá onígbìn wa bí, kò sí ọ̀kan tó ń lù ú nínú wọn. Ọdún tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ètò lè jẹ́ ọdún tí yóò parí.

Ìmọ̀ràn mi kò ṣòro. Kí á fi wákàtí kan sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọdún fún ìgbìn nìkan, kí á pa gbogbo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kí ọ̀dọ́ méjì máa lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá láti ìsinsìnyí. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ gba ohùn wọn sílẹ̀, àti ìlù àti ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti lọ bẹ bàbá pé kí wọ́n má bínú sí ìdákẹ́jẹ́ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa ọ̀pá ìlù lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Awo, jókòó, kí o rọra."

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni ìkejì mi?