Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì inú ọkọ̀ mi l'Ọ́kà, ta ló máa wá?

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ orí fóònù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn tó bá mi de tíráákà mọ́ ọkọ̀ ló fi ránṣẹ́. Wọ́n ní owó ọdún tí mo san ti ń tán lọ, kí n tètè san ti ọdún tuntun kí iṣẹ́ má baà dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ méjì ni mo ní, ìwé owó méjì náà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ti Corolla tí èmi àti ìyàwó mi ń gùn, èkejì jẹ́ ti bọ́ọ̀sì kékeré tí mo gbé fún dírẹ́bà kan tó ń ná ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Àkúrẹ́. Ti Corolla ló wọ́n jù, torí wọ́n ní "ààbò" wà nínú tiẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù tí èèyàn máa tẹ̀ tí wàhálà bá dé, wọ́n á pè é, wọ́n á sì bá a wá ìrànlọ́wọ́. Mo ṣírò owó náà. Ó tó ra taya tọ́kùnbọ̀ méjì l'Ìkàrẹ́, kó sì tún ku owó ẹni tó máa dè é.

Ìyàwó mi ní kí n san méjèèjì. Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ní òmùgọ̀ nìkan ló ń wa ọkọ̀ láìsí tíráákà lásìkò tá a wà yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe rìwáyà nítòsí párákì Ìkàrẹ́ rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ fowó yẹn tún bíréèkì ṣe." Èmi ò fara mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn tán. Ọ̀kan ni mo fẹ́ san, mi ò fẹ́ san èkejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀, torí mo mọ̀ pé irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ti dé bá ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni mo ti jèrè. Lọ́dún tó kọjá, dírẹ́bà tó wà lórí ẹ̀ nígbà yẹn ò gbé e wálé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan. Mo pè é, fóònù ti kú. Ọjọ́ Sátidé, bákan náà. Wọ́n ní àwọn ò rí i ní párákì. Nígbà tí mo pe àwọn oní-tíráákà, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi sọ fún mi pé Lọ́kọ́ja ni ọkọ̀ mi wà, wọ́n tiẹ̀ dárúkọ àdúgbò. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn pa ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó páàkì ná, kó má lọ kú sójú títì kí ẹlòmíì wá kọlù ú. Wọ́n dúró. Nígbà tó páàkì, wọ́n pa á, kò sì lè sítáàtì mọ́. Ọjọ́ kejì, èmi àti àgbà awakọ̀ kan láti párákì lọ gbé e. Ohun tí dírẹ́bà sọ ni pé ìgbéyàwó àbúrò òun lòun gbé e lọ, òun fẹ́ dá a padà ni. Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Àmọ́ kì í ṣe aṣọ ẹbí ló wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà tá a bá a.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Rìwáyà tí mo sọ ṣí i hàn mí lọ́jọ́ kan. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè láti mọ ibi tó wà, síìmù bíi ti fóònù sì wà nínú ẹ̀ tó ń fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn tó ni ín. Síìmù ń jẹ dátà, kọ̀ǹpútà náà sì nílò ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, mi ò ní bá wọn jà pé wọ́n ń gba owó lọ́dọọdún. Ṣebí oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi nǹkan bí ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà, gbogbo wa la sì ń san án. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ fún dírẹ́bà, tàbí tó tà á ní háyà pọ́ọ́ṣéèsì tí wọn ò tíì san án tán, kó san owó tíráákà. Ẹni tó bá jẹ́ oníṣòwò tó ń rán ọmọṣẹ́ lọ kó ọjà, kóun náà san án. Ti bọ́ọ̀sì mi, mo ti san án.

Ọ̀rọ̀ Corolla ló gùn.

Nínú òjò ọdún tó kọjá yẹn náà, mò ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Mo ti kọjá Ọ̀bà Àkókó, mi ò tíì dé Àkùngbá, ni bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ẹsẹ̀ ọ̀tún bá yọ. Taya ká sábẹ́ ọkọ̀ bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó. Mo wọ́ ọ dé ẹ̀bá títì, mo tan iná ewu, mo tẹ bọ́tìnnì. Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún un tẹ̀. Mo wo fóònù mi, kò sí nẹ́tíwọọ̀kì, ẹ kúkú mọ bí òkè wa ṣe rí. Rìwáyà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé tí kò bá sí nẹ́tíwọọ̀kì, ẹ̀rọ yẹn á tọ́jú ohun tó fẹ́ sọ pamọ́ títí nẹ́tíwọọ̀kì á fi dé. Ìyẹn dáa fún ẹni tó ń wá ọkọ̀ tí wọ́n jí. Ẹni tó dúró lókùnkùn ńkọ́?

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí fóònù mi tó dún. Ọmọbìnrin kan ni, ohùn ẹ̀ tutù, ó kí mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, a rí i pé ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ibùdókọ̀ wo lẹ wà?" Mo ní kò síbùdókọ̀ níbí, oko ẹ̀gẹ́ ló wà lọ́tùn-ún mi, òkúta ló wà lósì. Ó ní ṣé Èkìtì ni Àkùngbá wà ni? Mo ní Oǹdó ni. Ó ní òun máa pe àwọn agbófinró tó sún mọ́ mi jù, kí n má sọ̀ kalẹ̀. Mi ò bú u o. Ìlú Èkó ló jókòó sí, àwòrán ilẹ̀ ló wà níwájú ẹ̀, ojú ibi tí mo wà gan-an ló sì ń wò. Ó mọ ibẹ̀ ju bí èmi fúnra mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ nínú òkùnkùn yẹn. Ẹni tó yẹ kó pè l'Ákòókó ni kò mọ̀.

Ọlọ́kadà kan tó ń padà sí Àkùngbá ló dá mi lóhùn. Ó dúró jìnnà, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò mí, ó béèrè ọmọ ta ni mí, torí èèyàn ò lè kàn dúró ti ọkọ̀ tó bàjẹ́ lálẹ́ báyìí. Nígbà tí mo dárúkọ agboolé wa ní Ìwárò, ó ní òun mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó lọ gbé mẹkáníìkì wá, mẹkáníìkì sì mú ọdẹ méjì dání. Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ la kúrò níbẹ̀. Àwọn agbófinró tí ọmọbìnrin yẹn ní òun máa pè, a ò rí wọn. Òun fúnra ẹ̀ tún pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti béèrè bóyá mo ti délé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ni wọ́n fi ń ta "ààbò" yìí fún wa, ẹ̀rù náà sì tó ó bà. A ò tíì gbàgbé ọjọ́ 26, oṣù kọkànlá, ọdún 2020, tí wọ́n yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Adégòkè Adéùsì, ní Elegbeka nígbà tí kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ọkọ̀ ni wọ́n de tíráákà mọ́, wọn ò dè é mọ́ èèyàn. Àwọn ajínigbé kì í gbé ọkọ̀ wọgbó, èèyàn ni wọ́n ń kó lọ, wọ́n á fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú títì pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ẹni tó ń wo kọ̀ǹpútà l'Ékòó á máa rí i pé ọkọ̀ yín dúró síbì kan, kò rìn, kò yẹsẹ̀.

Ewu kejì tó wà lọ́nà wa, àwọn ọkọ̀ àjàgbé ni. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀kà, Àkùngbá tàbí Ìkàrẹ́ mọ bí àwọn tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ọbájánà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ látorí òkè wọ àárín ìlú. Ọjọ́ 23, oṣù kìíní, ọdún 2021, ọkọ̀ àjàgbé kan ya lu àwọn èèyàn níwájú ilé ẹ̀kọ́ gíga Adékúnlé Ajásin l'Ákùngbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú. Bọ́tìnnì wo lèmi fẹ́ tẹ̀ nínú Corolla mi tó máa bá mi tún bíréèkì ọkọ̀ ẹlòmíì ṣe?

Àwọn kan á ní òyìnbó ń lò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. General Motors ló bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní OnStar l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 1996. Tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan tí báàgì atẹ́gùn sì bẹ́, ọkọ̀ fúnra ẹ̀ á pe ọ́fíìsì wọn, àwọn yẹn á sì pe áńbúláǹsì. Ó ń ṣiṣẹ́ torí pé áńbúláǹsì ń bẹ tí wọ́n lè pè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tọ́kùnbọ̀ tó ń rìn l'Ákòókó ló ní bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ lókè dígí, ọ̀ṣọ́ lásán ni lọ́dọ̀ wa. L'Ámẹ́ríkà náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanwó ló jẹun yó. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù wọn pa nẹ́tíwọọ̀kì àtijọ́ ní 2008, bọ́tìnnì inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kú. Nígbà tí wọ́n pa 3G ní 2022, ti àwọn mìíì tún kú.

Ohun tó tún kọ mí lóminú ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, FTC, fẹ̀sùn kan General Motors pé wọ́n ń gba ìròyìn ibi tí àwọn èèyàn ń lọ àti bí wọ́n ṣe ń wakọ̀, tí wọ́n sì ń tà á fáwọn ẹlòmíì láìgba àṣẹ tó yẹ lọ́wọ́ wọn. Tí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tófin ti múlẹ̀, ta ló ń wo tèmi? Wákàtí tí mo ń kúrò nílé, wákàtí tí mo ń kọjá lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà ẹni tí mi ò rí rí. Mi ò sọ pé wọ́n ti ṣe nǹkan burúkú o. Ìbéèrè ni mo ń béèrè.

Ilẹ̀ Yúróòpù ló ṣe é lọ́nà tó wù mí. Láti ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2018, òfin ti wà níbẹ̀ pé irú ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé jáde gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ eCall, tó máa pe 112 fúnra ẹ̀ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ ò san kọ́bọ̀ lọ́dọọdún. Àwa náà ní 112 ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní 122, ọ̀fẹ́ lòun náà. Mélòó nínú wa ló ní in lórí fóònù? Ẹ máa ní wọn kì í gbé e. Èmi dán 122 wò lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Èmi àti ìyàwó mi sì ti ń lo ti WhatsApp, èyí tẹ́ ẹ lè fi ibi tẹ́ ẹ wà han ẹlòmíì fún wákàtí mẹ́jọ. Dátà díẹ̀ ló ń jẹ. Ẹni tó ń wò mí níbẹ̀ mọ ẹni tó máa pè l'Ọ́bà, ó mọ ẹni tó máa pè l'Ákùngbá.

Àwọn tó ń ta ààbò yìí lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kí wọ́n wá sí Ìkàrẹ́, kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn awakọ̀ párákì, pẹ̀lú Àmọ̀tẹ́kùn, pẹ̀lú FRSC, kí wọ́n gba nọ́ńbà ẹni tó máa dìde láti Ọ̀bà títí dé Ìsùà, kí wọ́n fún un lówó epo ọ̀kadà. Tí wọ́n bá ṣe é, èmi ni màá kọ́kọ́ sanwó.

Mo ka gbogbo eléyìí fún ìyàwó mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá Kẹ́hìndé, tó bá ṣe pé ẹ ti dákú sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ta ló fẹ́ dárúkọ agboolé fún ọlọ́kadà?" Mi ò rí èsì fún un. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ti dákú ò lè fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó lè fúnra ẹ̀ pariwo sì sàn ju kí èèyàn dákẹ́ sínú ọkọ̀ lọ. Àmọ́ mo wo ìwé owó náà lẹ́ẹ̀kan sí i: bọ́tìnnì tèmi yìí, àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo pe àwọn oní-tíráákà. Mo ní kí wọ́n dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo fún mi l'Ọ́kà, l'Ákùngbá tàbí n'Íkàrẹ́ tí wọ́n máa pè tí mo bá tẹ bọ́tìnnì náà lálẹ́. Wọ́n ní kí n mú sùúrù, àwọn á wádìí, àwọn á pè mí padà. Wọn ò tíì pè. Mo ti lọ fi owó náà pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjèèjì, mo sì ra taya kan.