Orúkọ Inú Fáìlì Kọ́ Ló Ń Jogún

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kú, ìbéèrè kan wà tí àwọn ará ilé máa ń bi ara wọn kí wọ́n tó parí ìsìnkú: "Orúkọ ta ló kọ sí next of kin?" Bó bá jẹ́ obìnrin méjì ló wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ìbéèrè yẹn a di ìjà. Ìyálé á ní orúkọ òun ni, òun ló fẹ́ ẹ nígbà tí kò ní nǹkan kan. Ìyàwó á ní ọkọ òun ti lọ yí i sí orúkọ òun. Èyí tó bá mọ èèyàn nínú ọ́fíìsì á sáré lọ bẹ akọ̀wé kó bá òun wo fáìlì. Àwọn mìíràn á sì fi owó sí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde níbẹ̀ gbà pé ẹjọ́ ti parí. Ẹnìkejì náà gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjèèjì ló ṣìnà, àwọn tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn náà sì ṣìnà. Mo kọ ìwé yìí nítorí pé ìgbàgbọ́ pé ẹni tó wà ní next of kin ló ni owó òkú ti gbilẹ̀ débi pé àwọn pásítọ̀ ń fi parí ìjà, àwọn olórí ẹbí ń fi ṣe ìdájọ́, àwọn akọ̀wé tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ń fi lé opó àti ọmọ rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tó ní kí next of kin gba ogún mọ́ aya àti ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tí agbanisíṣẹ́ máa pè ni: bí òṣìṣẹ́ bá ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, bí wọ́n bá gbé e lọ sí ọsibítù, bó bá kú. Iṣẹ́ tí orúkọ náà wà fún nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo òfin fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin àtúnṣe ètò ìfẹ̀yìntì ní 2004, wọ́n to àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó òṣìṣẹ́ tó bá kú sórí ìlà. Ẹni tí olóògbé dárúkọ nínú ìwé ìhágún ló ṣíwájú. Aya tàbí ọkọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ, ló tẹ̀lé e. Bí kò bá sí aya, tí kò sì sí ọmọ, ìgbà yẹn ni òfin tó wá dárúkọ next of kin tó wà nínú àkọsílẹ̀. Bí kò bá tún sí ìyẹn, ó di ọwọ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ bá yàn láti bójú tó ogún.

Ẹ wo ibi tí wọ́n fi next of kin sí: lẹ́yìn ìwé ìhágún, lẹ́yìn aya, lẹ́yìn ọmọ. Obìnrin méjì tí wọ́n jọ ní ìyàwó ni àwọn, tí àwọn méjèèjì sì bímọ fún olóògbé, wá ń bá ara wọn jà lórí orúkọ tí òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni wò níwọ̀n ìgbà tí aya àti ọmọ bá wà láyé.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ́fíìsì, ó tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe kóòtù, kò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́jọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ohun tí wọ́n ń béèrè ni lẹ́tà tí ilé ẹjọ́ gíga fi ń yan alámòójútó ogún, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní letter of administration. Láìsí i, owó kò ní kúrò níbi tó wà. Ìkéde á jáde nínú ìwé ìròyìn pé lágbájá ń béèrè fún lẹ́tà yìí, kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn lè yọjú. Ìyálé á fi ìwé àtakò sílẹ̀, ìyàwó á fi tirẹ̀ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì dúró gbagidi. Ìdá 8 nínú 100 tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù ọkùnrin náà, àti ìdá 10 tí òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014, èyí tó rọ́pò ti 2004, ní kí agbanisíṣẹ́ fi kún un, á wà nínú àkáùntì tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn, nígbà tí wọ́n ń lé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde ní kíláàsì nítorí owó ilé ẹ̀kọ́.

Ẹni tó bá sì gba lẹ́tà náà kò tíì di olówó. Alámòójútó ni. Ó gbọ́dọ̀ san gbèsè tí olóògbé jẹ, kó pín ìyókù fún àwọn tó tọ́ sí, kó sì ro bó ṣe ná an fún wọn bí wọ́n bá béèrè. Bó bá sọ ọ́ di tara rẹ̀, kóòtù lè gba lẹ́tà náà padà.

Ibì kan wà tí orúkọ tí òṣìṣẹ́ kọ ti ní agbára, mi ò ní fi pamọ́. Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, kí iye rẹ̀ má sì dín sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún. Òfin 2014 ní ẹni tí òṣìṣẹ́ bá yàn pé kó gba owó ìnṣọ́ránsì yìí ni kí wọ́n san án fún. Ṣùgbọ́n yíyàn yẹn, ọ̀tọ̀ ni. Ọkùnrin tó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí next of kin lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́ kò tíì fi owó ìnṣọ́ránsì ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rẹ. Pípa tí àwọn èèyàn ń pa owó méjèèjì pọ̀ wà lára ohun tó mú kí irọ́ yìí pẹ́ láyé.

Bí fáìlì kò bá lè sọ ẹni tó jẹ́ opó, kí ló lè sọ ọ́? Irú ìgbéyàwó tí ọkùnrin náà ṣe, àti èyí tó kọ́kọ́ ṣe, ni. Ibí gan-an ni kóòtù máa ń wò, ibí gan-an sì ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Tíṣà kan kú ní Ìbàdàn. Ó ti fẹ́ Ìyá Títí láti ìgbà èwe. Àwọn ẹbí ṣe ìdána, wọ́n gba owó orí ìyàwó, wọ́n fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́, kò sí ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti kóòtù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ó mú Ìyá Dáre lọ sí rẹ́jísìrì, wọ́n fọwọ́ síwèé, ó fi òrùka sí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò, wọ́n á ní Ìyá Dáre ló ni í, òun ló ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n abala 33 nínú òfin ìgbéyàwó sọ pé ìgbéyàwó kóòtù kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí ọ̀kan nínú tọkọtaya náà bá ti fẹ́ ẹlòmíràn nílànà ìbílẹ̀ tí ìgbéyàwó yẹn kò sì tíì tú. Bí Ìyá Títí bá lè fi ẹlẹ́rìí hàn pé wọ́n ṣe ìdána fún òun, tí kò sì sí ẹni tó lè fi hàn pé wọ́n ti tú u ká, ìwé tí Ìyá Dáre gbá mọ́ àyà láti ọjọ́ yìí kò lè gbà á.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní Ìyá Títí ni wọ́n mú lọ sí rẹ́jísìrì, tàbí sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún níwèé àṣẹ láti so èèyàn pọ̀. Inú bí i, ó kẹ́rù jáde, ó sì ti tó ogún ọdún tó ti ń dá gbé. Ọkùnrin náà lọ ṣe ìdána fún Ìyá Dáre, òun ló sì tọ́jú rẹ̀ lórí àìsàn títí ẹ̀mí fi bọ́. Abala 35 nínú òfin kan náà sọ pé ẹni tó ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù kò lè fẹ́ ẹlòmíràn nílànà ìbílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá wà. Kíkẹ́rù jáde kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ká. Ìyá Títí ṣì ni aya. Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí mo mọ ohun tí ìtọ́jú aláìsàn ń gbà lára obìnrin, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ń gbẹ́kẹ̀ lé next of kin nínú irú ipò yìí, wọ́n tàn án jẹ ni.

Èyí kò wá sọ ìyálé di ọba. Àwọn ọmọ Ìyá Dáre, ọmọ olóògbé ni wọ́n. Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kà á léèwọ̀ kí wọ́n fi ọ̀nà tí wọ́n gbà bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìyálé tó bá ń pariwo pé ọmọ àlè kò ní bá ọmọ òun pín, kó lọ gbọ́ ti lọ́yà rẹ̀ kó tó ná owó lórí ẹjọ́ tí kò ti lè jàre.

Bó bá jẹ́ ìlànà ìbílẹ̀ ló fi fẹ́ àwọn méjèèjì, ìyàwó rẹ̀ ni àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ ló sì ń jogún lọ́dọ̀ Yorùbá. Gbogbo wa la gbọ́ nípa ìdí igi, pé kí ẹ̀ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in ní orí-ó-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a níbẹ̀ ní 1962 pé ìdí igi ṣì ni àṣà Yorùbá. Àwọn opó fúnra wọn ńkọ́? Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ilẹ̀ wa sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó kò lè jogún ọkọ rẹ̀. Àṣà burúkú ni, mo sì sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ilé ẹjọ́ kan náà bá irú àṣà bẹ́ẹ̀ wí kíkankíkan ní 2014 nínú ẹjọ́ opó kan tó wá láti Awka. Kò yẹ kí ẹbí Yorùbá kankan dúró de ìgbà tí adájọ́ á fi tipátipá kọ́ wa láàánú. Ti àwọn Mùsùlùmí tí òfin Ìsìláàmù ń pín ogún wọn yàtọ̀: bí olóògbé bá ní ọmọ, àwọn opó rẹ̀ á jọ pín ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ nípa ìgbéyàwó àti pípín ogún yìí, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè orúkọ tó wà nínú fáìlì. Àwọn ọmọ ìyá olóògbé náà kò lè fi í gba ipò aya. Láti 1898 ni ilé ẹjọ́ ní Èkó ti dá a, nínú ẹjọ́ Cole, pé arákùnrin olóògbé kò lè fi àṣà ìbílẹ̀ yọ aya tí wọ́n so pọ̀ nílànà Kristẹni lẹ́gbẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, lónìí olónìí, àbúrò ọkọ á mú fọ́ọ̀mù dání, á máa fi halẹ̀ mọ́ opó.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fún mi. Wọ́n á ní, "Ọkùnrin náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ìfẹ́ inú rẹ̀ nìyẹn." Nígbà wo ló kọ ọ́? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kọ next of kin lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́, nígbà tí wọn kò tíì láya. Orúkọ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ, wọn kò sì padà débẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan náà kọ orúkọ ìyálé sí báńkì, orúkọ ìyàwó sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, orúkọ àbúrò sí ibi iṣẹ́. Nínú mẹ́ta yìí, èwo ni ìfẹ́ inú rẹ̀? Bí òṣìṣẹ́ bá ní ìfẹ́ inú tó fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún, òfin ti la ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀: kó kọ ìwé ìhágún.

Wọ́n tún lè ní àwọn mọ obìnrin kan tí wọ́n san owó fún nítorí pé òun ni next of kin. Ó ṣeé ṣe. Bóyá kò sẹ́ni tó bá a dù ú, bóyá òun náà ló gba lẹ́tà kóòtù. Bó bá sì jẹ́ pé ọ́fíìsì kàn san án fún un bẹ́ẹ̀, owó àwọn tó ni ogún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́ kó pọ̀ ọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ohun tí ìgbàgbọ́ yìí ń ṣe fún àwọn ọkùnrin nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ọkùnrin á kọ orúkọ aya tó fẹ́ràn sínú fọ́ọ̀mù, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé òun ti tọ́jú rẹ̀. Kò ní lọ tú ìgbéyàwó kóòtù tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ara wọn. Kò ní kọ ìwé ìhágún, nítorí ó rò pé fọ́ọ̀mù ti ṣe é. Ọjọ́ tó bá kú, obìnrin méjì á pàdé níwájú adájọ́, owó tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún á sì máa bọ́ sápò lọ́yà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má ṣe fi èyí sílẹ̀ de ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹ lọ wo orúkọ tí ẹ yàn sí ìnṣọ́ránsì níbi iṣẹ́ yín, kí ẹ sì tún un ṣe bí kò bá bá ohun tí ẹ fẹ́ mu mọ́. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, fọ́tò ìdána àti orúkọ àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀. Àwọn ni kóòtù máa béèrè. Ẹ kọ ìwé ìhágún, ẹ dárúkọ aya àti gbogbo ọmọ nínú rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí náà má jẹ́ ẹni tí ẹ fún ní nǹkan kan nínú ìwé ọ̀hún, kó má sì jẹ́ ọkọ tàbí aya irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí òfin kò ní jẹ́ kí nǹkan náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.