Ẹ Yé Pe Ìdigunjalè Ní Wan-Ṣáǹsì

Kí n tó di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, mo ti ṣe kọ̀ńdọ́ dánfó rí ní Èkó. Àsìkò tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí a máa wọlé ni. Ojúẹlẹ́gbà sí Ọṣòdì ni ọ̀gá mi ń ná. Bí ọkọ̀ bá ti ń kún, tó wá ku àyè kan péré lẹ́yìn, màá rọ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, màá fọwọ́ lu ara ọkọ̀ gbàgbàgbà, màá sì figbe ta: "Wan-ṣáǹsì! Ọ̀kan ṣoṣo ló kù o! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Inú ẹni tí oòrùn ti ń pa máa ń dùn bó bá gbọ́ ọ. Ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra, a ò dúró de èrò mọ́.

Àwọn olè ló wá mọ iyì igbe yẹn ju àwa tó ń ké e lọ. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ti gbọ́ pé àyè kan ló kù kì í bèèrè ohunkóhun, sísá ló ń sá wọlé. Ni wọ́n bá kó ara wọn jókòó sínú ọkọ̀ bí èrò, wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè. Bí igbe iṣẹ́ wa ṣe di orúkọ ọ̀ràn nìyẹn. Kọ̀ńdọ́ wo ló jẹ́ ké e lónìí?

Èkó ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Àbújá ni ìwà náà rí ilé gbé. Kò sì yà mí lẹ́nu. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó wá síbí, àárín ìlú ni ọ́fíìsì wà, Nyanya, Kubwa, Lugbe àti Zuba sì ni àwa òṣìṣẹ́ ń sùn. Àwọn tó ń sùn ní Mararaba kò tilẹ̀ sùn sí Àbújá, ìpínlẹ̀ Nasarawa ni wọ́n ń lọ lálaalẹ́. Lọ́dún 2006 wọ́n lé ọ̀kadà kúrò láàrin ìlú. Lọ́dún 2013 ó kan àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tí à ń pè ní araba. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ńlá ló máa rọ́pò wọn. Ó dé lóòótọ́, kò tó ni. Ẹni tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì tó bá dúró sí Berger títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí kò ní ọ̀dà takisí bá rọra dúró níwájú rẹ̀, ṣé yóò ní òun ò wọ̀? Owó ta ló tó gba odindi ọkọ̀ dé Kubwa? "Along" ni gbogbo wa ń wọ̀, ìyẹn ọkọ̀ àjọwọ̀ tó ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ niṣẹ́ wà. Èyí tó jókòó létí ilẹ̀kùn á ní òun máa tó sọ̀ kalẹ̀, kí o sún sí àárín. Ọkọ̀ á gbéra, dígí á gòkè, ilẹ̀kùn á tì, kò sì ní ṣeé ṣí láti inú. Wọ́n á gba fóònù, wọ́n á gba káàdì. Ẹ̀rọ POS ti wà lẹ́sẹ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí o pè fún wọn wò lójú ẹsẹ̀. Bí o bá parọ́, o ti ra ìyà. Bí wọ́n bá gbà á tán, wọn kì í sábà dá ọkọ̀ dúró kí wọ́n tó tì ọ́ síta. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, bí wọ́n ṣe ju ọ̀dọ́mọbìnrin kan síta lójú ọ̀nà Kubwa nìyẹn, ó sì kú.

Ọ̀rọ̀ wan-ṣáǹsì yìí kan náà la wá fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì wa fẹ́ ìyàwó tó ń náwó: ọ̀gá ti wọ wan-ṣáǹsì. Ẹni tó gba ilé lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì, tí kò rómi pọn lẹ́yìn tó kó wọlé: wan-ṣáǹsì ni. Bí owó búrẹ́dì bá gbéra, Nàìjíríà ti wọ wan-ṣáǹsì. Mo ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi.

N ò bá àfiwé jà o. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá ní kó má fi nǹkan wé nǹkan mọ́, ẹnu rẹ̀ á há. Kódà, àfiwé Nàìjíríà yẹn gún régé: awakọ̀ àti àwọn tó pera wọn ní èrò ti mọra kí ìwọ tó wọlé. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé ẹ̀fẹ̀ náà ti padà wá bo ọ̀ràn gan-an mọ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: "Ó wọ wan-ṣáǹsì." Ẹni tí wọ́n jà lólè ló ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ ò rí olè kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e rí. Kí ló dé tí o wọ̀ ọ́? O ò wo nọ́ńbà ọkọ̀ ni? Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ láti Jabi, wọ́n gba gbogbo owó oṣù rẹ̀. Ó dé àgọ́ ọlọ́pàá kan, ẹni tó yẹ kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin náà wọ wan-ṣáǹsì, Màdáàmù? Ìyá ọmọ mẹ́ta tí èékánná rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀! Bí olè bá fọ́ ilé onílé, ṣé wọ́n á bi onílé pé kí ló dé tó sùn sílé?

Wan-ṣáǹsì kò sí nínú òfin wa tó dá lórí ìdigunjalè. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fipá jalè, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21. Bó bá gbé ohun ìjà, tàbí tó ṣe ẹni tó jà lólè léṣe, ikú ni. Títi èèyàn jáde nínú ọkọ̀ tó ń sáré, kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ tó fúyẹ́ lẹ́nu yìí náà ń pa aláìṣẹ̀. Kí èrò àti awakọ̀ máa jà lórí ṣéńjì, kí ẹnì kan ṣáà ké "wan-ṣáǹsì!" láàrin títì, táyà àti pẹtiróòlù ò ní jìnnà. Wọ́n ti dáná sun ọkọ̀ rí nílùú yìí, wọ́n ti sun èèyàn, láìdúró de ìwádìí kankan. Baálé ilé tó ń fi mọ́tò rẹ̀ ṣe kabúkabú lẹ́yìn iṣẹ́ mọ ohun tí mò ń wí.

Mo mọ̀ pé àtúnpè orúkọ nìkan kò lè dá olè dúró. Ọkọ̀ ni ìlú yìí nílò. Rélùwéè tí wọ́n ṣí ní 2018, tó dákẹ́ ní 2020, tó tún jí ní oṣù Karùn-ún 2024, kò dé ọ̀nà Nyanya àti Mararaba tí èrò pọ̀ sí jù. Wọ́n ti kọ́ ibùdókọ̀ ńlá sí Mabushi àti Kugbo. Ó dára, kí wọ́n kó bọ́ọ̀sì síbẹ̀ tí yóò máa rìn títí di agogo mẹ́wàá alẹ́.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ kọ ọ́ pé adigunjalè gbé obìnrin kan, wọ́n jà á lólè, wọ́n tì í síta. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì fẹ́ bú ìjọba, tàbí ìyàwó ọ̀gá, ẹ wá èébú mìíràn. Ó pọ̀ lédè Yorùbá.