Rírẹ Ìdí Ọkọ̀ Sílẹ̀

Ẹni tí ó bá dúró sí etí títì ní òwúrọ̀, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo, tí ó sì fara balẹ̀ wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké tí ń kọjá, yóò rí ohun kan tí ó ti mọ́ wa lójú débi pé a kò kà á sí mọ́. Ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn ga ju orí wọn lọ, bí ewúrẹ́ tí ń mu omi nínú kòtò. Bí kò bá sí ẹrù lórí wọn, ńṣe ni wọ́n ń ta pọ́ún-pọ́ún lórí gbogbo gegele. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni a ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé sí, òun náà ni a sì ń kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí nígbà tí ìbò bá ń bọ̀.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwa ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni ẹ̀yìn wọn jókòó lé sípíríǹgì onírin pẹlẹbẹ, èyí tí a to léra wọn bí ewé. Irin tí ó gùn jù lọ nínú wọn ni ìyá wọn. Òun ni ó ní ojú ihò ní orí méjèèjì, tí a fi dè é mọ́ ṣáásì ọkọ̀. Awakọ̀ tí ó bá fẹ́ kó sìmẹ́ǹtì ju bí ó ti yẹ lọ a tọ mẹkáníìkì lọ, a ní kí ó fi irin méjì tàbí mẹ́ta kún un. Láti ayé bọ́lẹ̀kájà, nígbà tí àwọn gbénàgbénà wa ń kan ara ọkọ̀ lórí ṣáásì tí ó ti òkè òkun wá, ni a ti mọ irú ọgbọ́n yìí. Nígbà tí ó bá yá, a ta ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó rà á kì í kó sìmẹ́ǹtì. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tí ń dá oko díẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ẹni tí ń kó ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n irin onísìmẹ́ǹtì ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ náà.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Sípíríǹgì tí ó le jù kì í tẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, nítorí náà táyà ẹ̀yìn a máa fò kúrò nílẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó di ilẹ̀ mú. Ọkọ̀ tí ó ga lódì a máa fẹ́ dojú dé ní ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ. Èyí tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀rọ kékeré kan wà nítòsí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ń fi bí ìdí ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ tó wọn ẹrù, tí ó sì ń pín agbára bíréèkì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bí ẹrù náà bá ti tó. Bí a bá ti fi irin gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ẹ̀rọ náà a gbà pé ọkọ̀ ṣófo bí ó tilẹ̀ kún fọ́fọ́. Bíréèkì ẹ̀yìn kò sì ní í ní agbára tí ó yẹ.

Èrò wa ni pé kí a rẹ ìdí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀. Àwọn kan yóò wí pé fáàrí àwọn ọ̀dọ́ ni. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí wọ́n ń fẹ́ kí ọkọ̀ wọn máa gbá ilẹ̀ bí ìgbálẹ̀. A kò bá wọn lọ, àwọn kòtò ọ̀nà wa yóò sì dá wọn lẹ́jọ́ kí ìjọba tó dá wọn lẹ́jọ́. Ohun tí àwa ń wí ni kí ọkọ̀ padà sí ibi tí ẹni tí ó ṣe é fi í sí, tàbí kí ó rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ sí i fún ẹni tí kì í kó ẹrù wúwo.

Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí a yọ irin tí a fi kún un kúrò. Kí a fi òkúta dí ẹsẹ̀ iwájú, kí a gbé ṣáásì lé òpó irin tí ó dúró ṣinṣin, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kí a fi jáàkì mìíràn gba ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ró. Kí a tó tú bóòtù àárín, kí a fi kílámùpù di àwọn irin náà pọ̀, nítorí pé agbára wà nínú wọn, wọ́n sì lè fò gba ènìyàn lójú. Iye tí a bá yọ ní ọ̀tún ni kí a yọ ní òsì. Irin ìyá àti èyí tí ó tẹ̀ lé e kò ṣeé yọ láéláé. Yúbóòtù tuntun ni kí a fi dè é, nítorí èyí tí a ti dì tẹ́lẹ̀ ti fà. Bí ọkọ̀ bá sì ti rin nǹkan bí 100 kìlómítà, kí a tún un dì. Irin tí a yọ kò ní í ṣòfò: alágbẹ̀dẹ yóò rà á, nítorí irin sípíríǹgì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń rọ àdá àti ọkọ́.

Alágbẹ̀dẹ kan náà ni ó yẹ kí a bi léèrè nípa àwọn tí ń fi iná gáàsì jó sípíríǹgì kí ó lè tẹ̀ wálẹ̀. Ó mọ̀ pé irin tí a ti kì bọ iná, tí a sì ti mu, ti gba agbára kan tí yóò sọnù bí a bá tún fi iná bà á láìmọ̀wọ̀n. Sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ yóò tẹ̀ lónìí bí a ti ń fẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn yóò dá sí méjì lórí eré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ sì kéré, ìdí nìyẹn tí ó fi wọ́pọ̀.

Bí a bá ti yọ àfikún kúrò tí a ṣì ń fẹ́ kí ó rẹ̀ sí i, a lè fi búlọ́ọ̀kù onírin sí àárín sípíríǹgì àti ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀. Bí ọ̀pá náà bá wà lókè sípíríǹgì, búlọ́ọ̀kù yóò rẹ ọkọ̀ sílẹ̀; bí ó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, búlọ́ọ̀kù kan náà yóò gbé e sókè. A ti rí ẹni tí ó sanwó fún èkíní tí ó gba èkejì. Kí búlọ́ọ̀kù má ṣe jẹ́ igi, kí a má sì to méjì léra wọn. Ínǹṣì 2 tó lójú tiwa. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹ̀yìn yóò wọ́, yóò máa gbọ̀n. Ọ̀pá ẹ̀yìn yóò sì máa kan ṣáásì nínú kòtò.

Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kí a tún ẹ̀rọ bíréèkì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ṣe, nítorí nísinsìnyí ó lè máa rò pé ẹrù wà níbi tí kò sí, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì gan lójijì. Kí a sì tún iná iwájú ṣe. Bí ìdí bá ti lọ sílẹ̀, iná yóò wo òkè, yóò sì máa fọ́ ojú ẹni tí ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní ọdún 1959, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi hẹlikópítà polongo ìbò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń dúró sí títí di òní. Àwa kò fi ọwọ́ sí i rárá, nítorí ibi ẹrù kì í ṣe ibi ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí ó bá háyà ọkọ̀ níláti wo abẹ́ rẹ̀ kí ó tó wo ibi tí yóò lẹ àwòrán olùdíje mọ́. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba náà má ṣe máa béèrè ìwé nìkan. Kí wọ́n tẹ̀ba. Ní ti àwọn olùkọ́, ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ lè pe onímọ́tò tí ń kó àwọn ọmọ wa, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè méjì: irin mélòó ni ilé iṣẹ́ fi sábẹ́ ọkọ̀ yìí, mélòó ni ó sì wà níbẹ̀ báyìí?