Àmì Dúdú Tó Ń Yí Padà Lábẹ́ Ẹsẹ̀: Ẹ Má Gé E, Ẹ Má Jó O, Ẹ Fi Han Dókítà

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ yín nísinsìnyí. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ wo gìgísẹ̀, ẹ la àárín ọmọ ìka, ẹ wo abẹ́ èékánná. Bí àmì dúdú kan bá wà níbẹ̀ tó ń tóbi, tàbí egbò tó kọ̀ tí kò jinná, ó lè jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ awọ ara, irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní mẹ̀lànómà. Ó ń pani. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò bá tíì wọnú ara ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, iṣẹ́ abẹ kékeré ló sábà máa ń mú un kúrò pátápátá.

Ohun tó ń ṣe wá ní jàǹbá jù ni èrò pé àrùn òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé àwọn aláwọ̀ funfun ló ń ní in jù, oòrùn ló sì ń fa púpọ̀ nínú tiwọn. Àwọ̀ dúdú wa ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn, ṣùgbọ́n irú èyí tó ń mú àwa kì í ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló máa ń yọ sí, ibi tí kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nílẹ̀ wa, ẹsẹ̀ ló pọ̀ jù. Nígbà tí ọ̀pọ̀ aláìsàn bá fi máa dé ilé ìwòsàn, ó ti di egbò ńlá tó ń rùn, kókó sì ti wú síbi tí itan ti pàdé ikùn.

Gbogbo ayé ló mọ Bob Marley, olórin ọmọ Jàmáíkà. Lọ́dún 1977 ni wọ́n rí mẹ̀lànómà lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gbígbá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé orí pápá ló ti fara pa. Dókítà ní kí wọ́n gé ìka náà. Kò gbà, nítorí ìgbàgbọ́ Rasta tó ń ṣe. Wọ́n yọ èékánná àti ẹran abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bu awọ itan rẹ̀ bò ó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980, ó ṣubú níbi tó ti ń sáré ní Central Park, ní New York. Àrùn náà ti dé ọpọlọ. Ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1981 ló kú ní Miami, lẹ́ni ọdún 36. Mi ò sọ èyí láti dá olóògbé lẹ́bi. Mo sọ ọ́ nítorí pé tí ìka ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá dúdú láàárín wa, ohun tá a máa ń sọ náà ni pé, “Mo kàn fẹsẹ̀ kọ ni.”

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ èékánná máa ń bá èékánná rìn: bó ti ń hù ni dúdú náà ń sún síwájú, tí ibi tó mọ́ á sì máa yọ lẹ́yìn rẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lè lo ọdún kan tàbí ọdún kan ààbọ̀ kó tó hù tán, ṣùgbọ́n láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ ó ti rí i pé ó ń sún. Èyí tí kò bá sún, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí dúdú rẹ̀ ti ràn dé awọ ìdí èékánná, ẹ má dúró dè é rárá. Kí ẹ̀rù má ba ẹni tó ti ní ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀pọ̀ èékánná láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ìlà kan ṣoṣo lórí èékánná kan ṣoṣo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára àgbàlagbà, òun ni kí ẹ sá tọ dókítà lọ fún.

Ọ̀pọ̀ àmì dúdú tó wà níbòmíràn lára wa kò ní wàhálà kankan. Ìyípadà ni kí ẹ máa ṣọ́: apá kan tí kò bá ìkejì mu, etí tó ń rí jágajàga, dúdú tó dà pọ̀ mọ́ pupa tàbí funfun, àmì tó ti fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, tó ń yún tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Òmíràn kì í tiẹ̀ dúdú, bí egbò pupa lásán ló máa ń rí. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ń di egbò ẹsẹ̀ yín títí, tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ ló fà á, tí kò sì jinná, ẹ ní kí wọ́n gé bíńtín lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi abẹ gé e nílé. Ẹ má fi òwú so ó kó lè já, ẹ má da omi bátìrì sí i, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń kiri gé èékánná fi ọ̀bẹ wọn há a. Ohun tí wọ́n há dànù sí ẹ̀gbẹ́ títì yẹn ni dókítà ì bá fi mọ àrùn náà, gbòǹgbò rẹ̀ á sì kù sínú ara.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí àfín, ní ti ọmọ yín, oòrùn gan-an ni ọ̀tá. Fìlà gbẹ̀ǹgbẹ̀ àti aṣọ alápá gígùn ni kó máa wọ̀ jáde. Egbò tó bá pẹ́ lójú, létí, lọ́rùn tàbí lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, kí ẹ gba ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, LUTH n'Ídí-Àràbà, tàbí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, GP yín ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Ẹ bọ́ bàtà níwájú dókítà, kódà bí kò bá ní kí ẹ bọ́ ọ. Ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń yí padà. Ohunkóhun tí wọ́n bá gé, ẹ rí i pé ó dé yàrá àyẹ̀wò, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Bí èsì náà bá pẹ́, ẹ padà lọ béèrè rẹ̀.