Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Bá Ń Purọ́ Nípa Ooru Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni a gbé wá lónìí, irú èyí tí àwọn ìyá ń fi tẹ ìwé ìpè wòlímọ̀ àti ti ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Osi tàbí Iloffa, tí àwọn ọmọ sì fi ń múra ìdánwò JAMB nílé. Ní ọjọ́ kan, ẹ ó kàn rí i tí ó kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun gbóná dé ìwọ̀n 98, tàbí kí ó ní 12 péré ni òun wà. Àyà ẹni tí ó ni ín a já. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti sọ fún un pé ọpọlọ ẹ̀rọ náà ti jóná, kí ó lọ wá owó òmíràn. Owó tí à bá fi san owó ilé-ìwé ọmọ a sì gba ibẹ̀ lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé eruku lásán ni ó dí fáànù rẹ̀, tàbí pé òǹkà náà gan-an ni ó ń purọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí òǹkà náà ti ń wá. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní processor, ní ohun kékeré kan nínú tí ó ń mọ ooru. Kò rí bí tẹmómítà tí a fi ń wo ibà ọmọ. Nínú processor Intel, ohun tí ó ń sọ ni iye ìwọ̀n tí ó kù kí ooru tó dé òpin tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, èyí tí ó jẹ́ 100 nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí ó bá ku 40, a ó kà á sí 60. Ìṣọ́ra ni wọ́n torí rẹ̀ fi í síbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́ nítòsí òpin yẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá tutù, ó lè fi ìwọ̀n mélòó kan ṣì í.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ wà nínú yàrá yín. Ní agbègbè Ekiti àti Oke-Ero wa yìí, nínú oṣù Fẹ́búárì tàbí Máàṣì, yàrá tí a fi páànù bò a máa gbóná tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ yàrá kan náà ni fáànù ń fẹ́ sí i kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ náà lọ, bí ó ti wù kí fáànù náà dára tó. Bí ó bá sọ pé òun wà ní 12, irọ́ ni. Bí ẹ bá sì rí 127, tàbí 55 sí ìsàlẹ̀ òdo, tí kò yí padà láàárọ̀ tàbí lálẹ́, ẹ má dààmú. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ibi ìwọn-ooru kan ni lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọn kò so ohunkóhun mọ́.

Ẹ pa ẹ̀rọ náà mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ wo tẹmómítà tí a ń fi kọ́ ògiri, kí ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì wo òǹkà rẹ̀ kíákíá. Ó yẹ kí ó fi díẹ̀ ga ju ti yàrá lọ. A lè wò ó nínú BIOS, ojú-ewé tí a lè ṣí kí Windows tó dé, ṣùgbọ́n processor kì í sinmi nínú BIOS bí ó ti ń sinmi nínú Windows, òǹkà ibẹ̀ sì lè ga díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ètò méjì wò ó, bíi HWMonitor àti Core Temp. Àgbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ pàápàá a máa dá irú ìdààmú yìí sílẹ̀. Ní 2017, nígbà tí AMD gbé Ryzen 7 1800X àti 1700X jáde, àwọn tí ó rà wọ́n ń kígbe pé wọ́n gbóná jù. AMD wá ṣàlàyé pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi 20 lé òǹkà wọn ni, kí fáànù gbogbo ẹ̀yà Ryzen lè máa ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà. Ẹni tí ó rí 70, 50 ni tirẹ̀ gan-an. Ẹ wo iye ènìyàn tí ìbá ti lọ ra fáànù tuntun lásán!

Ṣùgbọ́n kí a má fi irọ́ òǹkà bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fún ẹ̀rọ náà ní iṣẹ́ tí ó le fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa wo òǹkà. Òǹkà tòótọ́ a máa gòkè bí iṣẹ́ ti ń pọ̀, a sì máa sọ̀kalẹ̀ bí iṣẹ́ bá tán. Èyí tí kò mira rárá, ẹ fura sí i. Bí ó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjá 90, ó sábà máa ń jẹ́ eruku tàbí àìrí afẹ́fẹ́ tó. Bí ó bá fò láti 40 sí 95 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí irin tí ń fa ooru kúrò lórí processor má jókòó dáadáa, tàbí kí ọ̀rá tí a fi sí àárín wọn ti gbẹ. Bí ẹ̀rọ bá sì dédé kú nígbà tí iná ilé kò lọ, ẹ má dá NEPA lẹ́bi.

Ní 2001, àwọn Tom's Hardware, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀rọ, yọ irin yìí kúrò níbi tí processor ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Athlon ti AMD ìgbà náà jóná lójú ẹsẹ̀. Pentium 4 ti Intel dín eré rẹ̀ kù, kò sì jóná. Lónìí, dídín eré kù ti di ìṣe gbogbo processor. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ó ń sáré lówùúrọ̀ tí ó sì ń wọ́ bí ìgbín lọ́sàn-án, tí òǹkà rẹ̀ sì ga, òótọ́ ni ó ń sọ.

Ọ̀ràn ti agbègbè wa, eruku ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku pupa a wọ ibi tí ojú kò tó. Àwa obìnrin sì fẹ́ràn àtifi aṣọ léèsì bo kọ̀ǹpútà. Ó dára bí ẹ̀rọ bá ti kú, ṣùgbọ́n mo ti rí ilé tí aṣọ náà wà lórí rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyẹn dà bí kí á da kúbùsù bo ọmọ tí ibà ń ṣe. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ tí ó sì gbẹ gbá eruku náà. Ẹ fi ìka kan di fáànù mú kí ó má baà yí. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bí ó bá kan ti ọ̀rá, ẹ nu ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi tuntun bí ẹyọ ẹ̀wà kan sí i, kí ẹ tó de irin náà padà. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń fi dípò rẹ̀ yóò gbẹ láìpẹ́, ẹ ó sì tún ṣí i.

Bí gbogbo èyí kò bá mú un balẹ̀, ẹ kọ òǹkà mẹ́ta sínú ìwé: ti yàrá, ti òwúrọ̀, àti ti ẹ̀yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú iṣẹ́. Ẹ mú un lọ fún oníṣẹ́. Bí ó bá ní kí ẹ ra processor tuntun láì tíì tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà wò, ẹ rọra gbé e, kí ẹ máa bọ̀ nílé.