Kí Tọkọtaya Tó Dá Oko Kòkó Jọ Kọ Ìwé Ìhágún

Ní Aládé, ní ilẹ̀ Ìdànrè, oko kòkó kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin nìkan. Bí ọkọ ti ń já kòkó ni aya ń fọ́ ọ, tí ó ń sá a, tí ó sì ń ṣọ́ ọ kí òjò má baà pa á. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá kú láìkọ ìwé ìhágún, àṣà kì í bèèrè ẹni tó sá kòkó.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń jogún nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé-ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé aya kò lè jogún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Àwọn ọmọ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ọkùnrin kan kú ní nǹkan bí ọdún 1940 láìkọ ìwé, ó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín ogún rẹ̀ ni, àbí orí-ò-jorí? Ọdún 1962 ni ẹjọ́ náà, ti Dawodu àti Danmole, tó parí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìdí-igi sì borí.

Àwọn kan ní ẹni tó bá kọ ìwé ìhágún ń pe ikú. Ẹni tó kó kòkó rẹ̀ wọlé kí ojú ọ̀run tó ṣú, ṣé òun ló pe òjò?

Ó yẹ kí tọkọtaya jókòó pọ̀, kí wọ́n fẹnu kò. Wọ́n lè jọ buwọ́ lu ìwé kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó sàn kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀, kí ìwé méjèèjì sì bára mu. Ìwé kan ṣoṣo a máa di ìṣòro fún ẹni tó bá kù, bí ó bá fẹ́ yí nǹkan padà. Kí wọ́n buwọ́ lù ú níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ẹni tí wọ́n há nǹkan fún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, kí ìpín rẹ̀ má baà bọ́. Ilẹ̀ ẹbí kò ṣeé há. Ohun tó jẹ́ ti ẹni nìkan ni à ń há.

Ìfẹ́ tí kò sí nínú ìwé, ilé-ẹjọ́ kò lè kà á. Ọkọ tó mọ rírì ọwọ́ tó bá a sá kòkó, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ tirẹ̀ ṣì lè di kálàmù mú.